Bí ẹ ṣe máa yan kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, fún fọ́tò ẹbí àti fọ́tò ohun kéékèèké

Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́: "Ṣé Canon ni kí n rà ni, àbí Nikon?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé lẹ́ńsì wo ló máa ya ohun tí mo fẹ́ yà, bọ́dì (ìyẹn kámẹ́rà fúnra rẹ̀ láìsí lẹ́ńsì) wo ló sì máa gba lẹ́ńsì yẹn. Bọ́dì máa ń gbó, tuntun á sì máa jáde. Lẹ́ńsì tó dára lè bá yín dé orí bọ́dì kejì àti ìkẹta. Lẹ́ńsì ni kí ẹ fi ṣáájú. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Mo kọ ọ́ fún bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó fẹ́ máa ya àwọn ará ilé rẹ̀ dáadáa, tó tún fẹ́ sún mọ́ ohun kékeré: ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìkókó, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó, labalábá lórí òdòdó. Ẹni tó fẹ́ fi kámẹ́rà wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìṣirò tirẹ̀, n kò bá a dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo fọ́tò tó ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ padà sẹ́yìn nínú fọ́tò rẹ̀ tó bí ọdún kan. Èyí tó dùn yín pé kò dára ni kí ẹ fojú sí jù. Ibo lẹ ti yà á? Irú ìmọ́lẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Báwo lẹ ṣe jìnnà tó sí ẹni tí ẹ yà? Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé, nítorí ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun tí ẹ máa kọ ò ní ju èyí lọ: inú pálọ̀ ni, ilẹ̀ ti ṣú tàbí kọ́tìnì ti bo wíńdò, gílóòbù kan ló wà lókè, ọmọ ò sì dúró jẹ́ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí fọ́tò ṣe bàìbàì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí níbi ìsọmọlórúkọ. Èrò kún yàrá, ìyá ọmọ jókòó, oyin àti iyọ̀ àti omi wà lórí tábìlì, ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò sì ti fẹ̀yìn kan ògiri. Bó bá jẹ́ pé bí tiyín ṣe rí nìyí, lẹ́ńsì tí ihò rẹ̀ lè ṣí gbayawu, tí ojú rẹ̀ sì gba èrò, lẹ nílò. Bó bá jẹ́ pé ìta gbangba lójúmọmọ lẹ ti máa ń yà wọ́n, bíi Agodi Gardens lọ́jọ́ ọdún, lẹ́ńsì kékeré tó ń bá bọ́dì wá á ṣe é fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ tún kọ ohun kéékèèké tí ẹ fẹ́ yà sílẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́jọ. Òrùka ìgbéyàwó tó nǹkan bíi méjì. Èèrà kò tó ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí ló máa sọ bóyá ẹ nílò lẹ́ńsì macro, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ohun kéékèèké, lóòótọ́ tàbí ẹ ò nílò rẹ̀, ẹ ó rí i ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín owó kí ẹ tó jáde nílé

N kò ní kọ iye owó síbí, torí dọ́là ló ń darí ọjà yìí, iye tí mo bá kọ lónìí lè má jẹ́ òótọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ ṣe máa pín in ni kí ẹ mú dání. Lójú tèmi, bọ́dì ò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì gbogbo owó lọ. Ìdajì tó kù ni ti lẹ́ńsì, káàdì ojúlówó, bátìrì kejì àti àpò. Ẹ má fojú kékeré wo bátìrì kejì. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ béèrè iye ohun kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tó mọ èyí tó wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ àti irú bọ́dì

Sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame fẹ̀ tó mílímítà 36, ó ga tó 24. APS-C ti Nikon àti Sony jẹ́ nǹkan bíi 23.5 sí 15.6. Ti Canon kéré díẹ̀ sí i, 22.3 sí 14.9. Micro Four Thirds tí Panasonic àti OM System (tó ń jẹ́ Olympus tẹ́lẹ̀) ń lò jẹ́ 17.3 sí 13.

APS-C ni kí ẹ mú. Lẹ́ńsì rẹ̀ fúyẹ́, owó rẹ̀ ṣeé gbọ́, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Full frame dára nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì rẹ̀ á jẹ gbogbo owó tí ẹ yà sọ́tọ̀. Bó bá sì di ti ohun kékeré, sẹ́ńsọ̀ tó kéré ń ṣe yín lóore: ohun tó fẹ̀ tó mílímítà 22, tí lẹ́ńsì bá gbé e sórí sẹ́ńsọ̀ bó ṣe tóbi gan-an, ó ti kún fọ́tò Canon APS-C láti etí dé etí. Lórí full frame, àyè ńlá á ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì.

Irú bọ́dì méjì ló wà. DSLR ní dígí nínú, tó jẹ́ pé inú lẹ́ńsì gan-an lẹ ń bá wo ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Mirrorless kò ní dígí. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ló ń gbé síwájú yín lórí sikirínì. Àǹfààní mirrorless ni pé ẹ ó ti rí bí fọ́tò ṣe máa mọ́ tó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, àti pé àwọn tuntun rẹ̀ ń fúnra wọn wá ẹyinjú ọmọ, wọ́n á sì dì í mú bó bá tilẹ̀ ń sáré kiri. Ẹni tó lọ́mọ ọdún méjì nílé mọ ohun tí mo ń sọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń mu bátìrì, owó rẹ̀ sì ga.

Ẹnu bọ́dì ni ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ̀ ọ́. Ọdún 1959 ni ẹnu F ti Nikon jáde, EF ti Canon jáde ní 1987. Ní 2018, ilé iṣẹ́ méjèèjì gbé ẹnu tuntun fún mirrorless jáde, Z fún Nikon, RF fún Canon, ibẹ̀ ni gbogbo agbára wọn sì wà báyìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí DSLR tòkunbọ̀ tó ṣì dára wá sílẹ̀ lówó, tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, bí owó ò bá pọ̀, DSLR tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì gidi kan sàn ju mirrorless tuntun tó jẹ́ pé lẹ́ńsì inú páálí nìkan ló ní. Bí owó bá ká mirrorless àti lẹ́ńsì gidi kan pa pọ̀, ẹ má wulẹ̀ rò ó méjì. Ẹni tó ra EF lónìí kò sọ owó nù, torí adápútọ̀ wà tó ń gbé lẹ́ńsì EF sórí bọ́dì RF, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ á sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún EOS M, ìlà mirrorless àtijọ́ ti Canon tó ń lo lẹ́ńsì EF-M. Ó kéré, ó rẹwà, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n Canon ti dá ìlà yẹn dúró, lẹ́ńsì EF-M kò sì lè wọ bọ́dì RF rárá. Ẹni tó bá rà á ti ra ìlà tí kò lọ síwájú mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ẹnu bọ́dì àti ìdí lẹ́ńsì

Níbí ni owó ti máa ń ṣòfò jù, ojú sì ń rí i kedere bí èèyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Ẹ yọ lẹ́ńsì kúrò lára Canon DSLR. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka irin tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rí àmì róbótó pupa. Bí bọ́dì bá jẹ́ APS-C, ẹ ó tún rí àmì onígun mẹ́rin funfun kékeré. Lẹ́ńsì EF ní àmì pupa, ó ń wọ méjèèjì. Lẹ́ńsì EF-S ní àmì funfun, APS-C nìkan ló ń wọ̀. Bí bọ́dì tí wọ́n gbé fún yín ò bá ní àmì funfun, full frame ló sábà máa ń jẹ́, lẹ́ńsì EF-S tí ẹ ní nílé ò ní wọ̀ ọ́.

Ti Nikon yàtọ̀. Àwọn bọ́dì kéékèèké rẹ̀, D3000 dé D3500 àti D5000 dé D5600, kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú. Lẹ́ńsì àtijọ́ tí wọ́n kọ AF tàbí AF-D sí lára á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀, ọmọ tó ń sáré ò sì ní dúró dè yín. AF-S, tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, ni kí ẹ wá. AF-P náà dára, àmọ́ kò bá àwọn bọ́dì àtijọ́ bíi D3100 àti D5100 ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn olùrà láàmú. Canon kan náà ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, ó dá lórí ibi tí wọ́n ti kó o wá. 700D tó wá láti Yúróòpù ló ń jẹ́ Rebel T5i ní Amẹ́ríkà, òun náà ni Kiss X7i ní Japan. 200D ni Rebel SL2, òun ni Kiss X9. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé T5i ju 700D lọ, tó sì fi owó lé e, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́ńsì fún àwọn ará ilé

Lẹ́ńsì 18-55 tó ń bá bọ́dì wá kì í ṣe ohun ìtìjú, ẹ gbà á. Nọ́ńbà mm tó kéré ń gba ibi tó fẹ̀, èyí tó tóbi ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Àléébù rẹ̀ ni ihò rẹ̀: bí ẹ bá fà á dé 55, f/5.6 ló máa ṣí mọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó). Lẹ́ńsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ti f/5.6 lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú pálọ̀ yín. Bí f/5.6 bá fún yín ní ṣọ́tà 1/25 (ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìdá kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan), ọmọ yín á ṣe bàìbàì bó bá ti mirí. Nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, f/1.8 á fún yín ní nǹkan bíi 1/250, ẹ ó sì rí ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo èèyàn ló máa sọ pé kí ẹ ra 50mm f/1.8, torí kò wọ́n. Ó dára, ṣùgbọ́n lórí APS-C, ojú rẹ̀ há bíi ti 75mm lórí Nikon, 80mm lórí Canon. Nínú yàrá tí kò fẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tàbí Mọ́kọ́lá ṣe rí, orí àti èjìká ẹnì kan ló máa gbà. Ẹ ò ní rí ìyá àgbà, ọmọ àti ìyá ọmọ nínú fọ́tò kan. Fún inú ilé, 35mm f/1.8 DX ti Nikon dára jù, tàbí EF-S 24mm f/2.8 ti Canon, tó pẹlẹbẹ tó sì fúyẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ fa 18-55 yín dé nọ́ńbà 35 tàbí 24, kí ẹ fi í síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ máa yà káàkiri ilé. Ẹ ó mọ èyí tó bá ilé yín mu láìná kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́ńsì fún ohun kéékèèké

Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n sí síwájú. Lára àlàyé gbogbo lẹ́ńsì, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí ohun tí ẹ yà ṣe máa tóbi tó lórí sẹ́ńsọ̀. Bí ó bá jẹ́ 1:1, òrùka tó fẹ̀ tó mílímítà 20 á fẹ̀ tó mílímítà 20 lórí sẹ́ńsọ̀. Bí ó bá jẹ́ 0.36, bíi ti EF-S 18-55 IS STM, ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ló máa kún fọ́tò. Ẹ wá fi wé ìwọ̀n yín. Àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó? Lẹ́ńsì inú páálí ti tó. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọnà ara gèlè, ilà ojú bàbá àgbà? Ó ti tó. Òrùka, ojú kòkòrò, èèrà? Ibẹ̀ ni ẹ ti nílò ìrànlọ́wọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà.

Èyí tó rọrùn jù ni dígí close-up tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Ó dín owó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kì í mú, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni òrùka extension tube. Kò ní dígí kankan nínú, ó kàn ń ti lẹ́ńsì jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ ni, kí ó lè sún mọ́ ohun. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi gígùn òrùka pín pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́ńsì. Òrùka 25mm lórí lẹ́ńsì 50mm á fi 0.5 kún un. Canon 50mm f/1.8 STM ní 0.21 tẹ́lẹ̀, ó di nǹkan bíi 0.7, ìyẹn sì tó fún òrùka ìgbéyàwó dáadáa. Ẹ rí i pé òrùka yín ní àwọn ojú wúrà kéékèèké tó ń so bọ́dì mọ́ lẹ́ńsì. Èyí tí kò ní in kò lè jẹ́ kí ẹ yí ihò lẹ́ńsì Canon padà, ẹ ó sì wà lórí f/1.8, níbi tí ẹyọ irun kan ṣoṣo ló máa mú nínú fọ́tò.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́ńsì macro gan-an, òun sì ni mo máa gba ẹni tó fẹ́ ẹbí àti ohun kékeré pa pọ̀ nímọ̀ràn pé kó fi owó pamọ́ fún. Nikon ń kọ "Micro" sí tirẹ̀ lára. AF-S DX Micro 40mm f/2.8 ń dé 1:1, kò sì há jù fún inú yàrá. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo yìí lè ya ọmọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kó ya kòkòrò ní ọ̀sán. Canon ní EF-S 35mm f/2.8 Macro IS STM tó jáde ní 2017, tó ní iná kékeré lẹ́nu, àti EF-S 60mm f/2.8 Macro. 60mm yìí rẹwà fún ojú èèyàn. Kò dájú pé ẹ ó bá wọn lórí igbá ní Ìbàdàn, ẹ lè ní láti ní kí wọ́n bá yín mú un wá láti Èkó.

Bí nọ́ńbà lẹ́ńsì macro ṣe kéré tó ni ẹ ṣe máa sún mọ́ ohun tó. Micro 40mm lè fókọ́ọ̀sì láti sẹ̀ǹtímítà 16.3, ṣùgbọ́n orí sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, níbi àmì róbótó tí ìlà kọjá láàárín rẹ̀ lókè bọ́dì. Bí ẹ bá yọ bọ́dì àti gígùn lẹ́ńsì kúrò, díẹ̀ ló kù láàárín yín àti labalábá, á sì fò lọ, tàbí kí òjìji lẹ́ńsì bò ó. Ẹni tó jẹ́ pé kòkòrò ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù, kó wá 60mm sókè, tó bá rí 100mm, kó mú un. Fún ẹsẹ̀ ọmọ àti aṣọ, èyí tó kúrú ò burú.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Àdúgbò Queen Cinema àti Ògùnpa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Ìbàdàn. Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ fọtogíráfà tó ń ya fọ́tò ayẹyẹ ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó ń bá a tún kámẹ́rà ṣe, àti irú bátìrì tó ń rí rà láìwá a jìnnà. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá Canon tàbí Nikon. Bí ó bá fẹ́ yá yín ní lẹ́ńsì kan lówó fún ọjọ́ kan, ẹ yá a.

Ohun tí ẹ máa mú lọ ni káàdì tiyín, fóònù tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́, àti àsìkò. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi káàdì tèmi yà á wò."

"Kò sí wàhálà, Màmá. Ẹ yà á."

Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ kọ́kọ́ yọ lẹ́ńsì, ẹ ṣí ihò rẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́. Eruku wẹ́wẹ́ díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn láti etí dígí. Fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn, ọ̀rinrin ló fà á, ó sì máa ń jẹ ohun tí wọ́n fi kun dígí. Ẹ má ra lẹ́ńsì yẹn, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó padà, ẹ yí ihò dé f/16, kí ẹ ya ògiri funfun láìfi fókọ́ọ̀sì sí i. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi lójú sikirínì. Àmì dúdú tí kò kúrò lójú kan nínú fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta jẹ́ eruku lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ṣeé nù. Ìlà tàbí ìhà tó dúdú pátápátá kò ṣeé nù. Ẹ dé lẹ́ńsì lójú, ẹ ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àmì pupa tàbí búlúù ń tàn níbì kan. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ ṣí fíláàṣì, ẹ ya ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà. Ẹ wo skúrù ìsàlẹ̀ bọ́dì bóyá orí rẹ̀ ti bó, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tú u.

Iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí náà ṣe pàtàkì. Nikon D5300 àti Canon 700D, 100,000 ìgbà ni ilé iṣẹ́ wọn fi dán ṣọ́tà wò. Fọ́tò Nikon ń gbé nọ́ńbà yìí sínú ara rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà kékeré á kà á fún yín. Ti Canon ṣòro díẹ̀ láti rí. Bó bá ti lé ní 80,000, ẹ ní kí wọ́n dín owó, nítorí ṣọ́tà tuntun lẹ máa rà lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ ṣí mẹ́nù. Àwọn Sony tó wá tààrà láti Japan, èdè Japan nìkan ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ bọ́dì àti ti lẹ́ńsì sí, kí ó má lọ jẹ́ pé ohun tí wọ́n jí lẹ gbé wálé.

Káàdì: ayédèrú pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 128GB sí lára lè jẹ́ 8GB nínú, ó kàn ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà ni, fọ́tò tó kọjá 8GB á sì sọnù. Ẹ ra 32GB tàbí 64GB, ẹ da fídíò sínú rẹ̀ títí yóò fi kún bámúbámú, kí ẹ wá ṣí èyí tó wọlé kẹ́yìn. Bí kò bá ṣí, ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ yí kámẹ́rà sí Tv lórí Canon, tàbí S lórí Nikon, kí ẹ fi ṣọ́tà sí 1/250, kí ISO, nọ́ńbà tó ń mú kí fọ́tò mọ́ sí i nínú òkùnkùn, máa yan ara rẹ̀ dé 3200. Ọmọ tó ń sáré fẹ́ 1/500. Hóró wẹ́wẹ́ díẹ̀ tí ISO gíga ń mú wá sínú fọ́tò sàn ju ojú ọmọ tó ṣe bàìbàì lọ. Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ẹ ká kọ́tìnì kúrò, ẹ pa gílóòbù, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ nìkan máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná NEPA sì wà, àwọn gílóòbù mìíràn lè jẹ́ kí ìlà dúdú dé bá fọ́tò yín. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní 50 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ṣọ́tà kalẹ̀ sí 1/100, ìlà yẹn á lọ. Fíláàṣì tó ṣeé yí, síìlì funfun ni kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí. Ẹ má kọ ọ́ sí ojú ọmọ.

Èyí tó kan àwa gan-an ni ti léèsì funfun. Kámẹ́rà kì í mọ̀ pé aṣọ funfun ni. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti −, ẹ gbé e sí +0.7 tàbí +1. Awọ wa á mọ́, á dán bó ṣe ń dán, ọnà léèsì náà ò sì ní sọnù. Bí gbogbo ẹbí bá wọ aṣọ dúdú, ẹ gbé e sí òdì kejì díẹ̀. Ohun tó wà nínú fọ́tò kan, bí ojú ìyá wa ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, yẹ kó jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ bọ́tìnnì yìí ṣáájú gbogbo bọ́tìnnì yòókù.

Fún ohun kéékèèké, ẹ fi aṣọ kọ́ ọwọ́, torí aṣọ ò ní sá. Bí adìrẹ Ìbàdàndùn bá wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni nílé, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, ìlà wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ̀kọ ti là tí aró fi wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà kọjú sí i gẹ́lẹ́, kí ojú lẹ́ńsì àti ojú aṣọ dọ́gba, ẹ lo f/8. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ wo bí ibi tó mú ṣe tín-ín-rín tó. Ní 1:1, lórí f/8, ohun tó máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn kò tó mílímítà kan.

Bó bá kan kòkòrò, ẹ pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe, ẹ fi ọwọ́ yí i dé ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá fi ara yín sún síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yà á léraléra bí ẹyinjú rẹ̀ ti ń mú. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nígbà tí ara kòkòrò ṣì tutù tí kò lè yára fò, tí afẹ́fẹ́ ò sì tíì mi ewé. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn àti Agodi Gardens dára fún èyí, àgbàlá yín náà sì tó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọyẹ́, òjò, àti ibi tí fọ́tò ń sùn

Lákòókò ọyẹ́, inú ilé ni kí ẹ ti máa pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí kámẹ́rà ti kú, kí ẹnu bọ́dì sì dojú kọ ilẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku, itọ́ á ta sí i. Ẹ ra rọ́bà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Lákòókò òjò, ẹ má tọ́jú lẹ́ńsì sínú àpò aláwọ nínú wọ́dúrọ́ọ̀bù. Ike tó ní ìdérí tó dé dáadáa, pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin) nínú, ló dára jù, kí ẹ sì máa gbé e jáde lò. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń lò kì í tètè hu fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Ẹ má pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ títí fọ́tò á fi wà níbi méjì: kọ̀ǹpútà yín, àti háàdì díìsìkì kan tó wà nílé ẹlòmíràn nínú ẹbí. Lọ́dọọdún, ẹ tẹ díẹ̀ jáde sórí pépà, ti àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn.